Túndé Adébímpé ti gbé àwo tirẹ̀ jáde: ta ló ń bá mi tẹ̀lé e?

AgbọGìtá, Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ Túndé Adébímpé ni mo bá wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, òun ni olórí akọrin TV on the Radio, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí òun àti David Sitek dá sílẹ̀ ní Brooklyn ní 2001. Ọmọ Yorùbá ni. St. Louis ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1975, Pittsburgh ló ti dàgbà, ó sì gbé Nàìjíríà fúngbà díẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2025 ló gbé àwo àkọ́kọ́ tó dá ṣe jáde. Thee Black Boltz ni wọ́n ń pè é, orin 11 ló wà nínú ẹ̀. Sub Pop ní Seattle ló bá a gbé e jáde, iléeṣẹ́ tó gbé àwo àkọ́kọ́ Nirvana síta ní 1989.

Láti ìgbà tí Magnetic, orin àkọ́kọ́ tó fi ṣíde, ti jáde ní oṣù kẹwàá 2024 ni mo ti ń wọ̀nà fún un. Ẹ rántí pé 2014 ni TV on the Radio ti ṣe Seeds, àtìgbà náà la ò sì tíì rí àwo tuntun gbà lọ́wọ́ wọn. Àwa tá a fẹ́ràn wọn ti ń sọ fúnra wa pé bóyá ó ti parí.

Ní báyìí tí mo ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, ohun tí mo lè sọ ni pé ọkùnrin yìí ò sinmi. Ariwo tó máa ń bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú orin ẹgbẹ́ ti dínkù, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ là ń gbọ́ ketekete. Orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ILY. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fi ń ṣèrántí, ọmọ náà kú lójijì ní 2021 nígbà tí iṣẹ́ àwo yìí ń lọ lọ́wọ́. Gìtá ló ń fi ìka ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó wá ń kọrin lé e bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn lórí ibùsùn. Èmi ò lè gbọ́ ọ nínú mọ́tò èrò mọ́, torí mi ò fẹ́ kí ará ọkọ̀ máa bi mí pé kí ló ṣe mí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ lórí rédíò Yorùbá kankan. Bí olórin tàkasúfèé wa bá kún gbọ̀ngàn ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ ò ní mọ́ ká tó gbọ́. Èyí ńkọ́? Ta ló tún ń tẹ̀lé e níbí? Níbo lẹ ti ń gbọ́ ìròyìn ibi tó ti fẹ́ ṣeré?

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ ní ìparí 2024 nígbà tí TV on the Radio wá sí Islington Assembly Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń ṣàjọyọ̀ ogún ọdún Desperate Youth, Blood Thirsty Babes, àwo wọn ti 2004 tó gba ẹ̀bùn Shortlist lọ́dún náà. Gbọ̀ngàn kékeré ni, irú èyí tí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ṣì máa rí òógùn lójú olórin. New York àti Los Angeles ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀, kí wọ́n tó kọjá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Túndé kì í dúró sójú kan. Ọwọ́ kan di makirofóònù mú, èkejì wà lókè, ó ń fi í ju afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn, ó ń tọ́ka sí àwa tá a wà nísàlẹ̀ bí ẹ̀sẹ̀ orin bá ti fẹ́ yí. Kyp Malone àti irùngbọ̀n ẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gìtá. Àmọ́ bó bá la ẹnu, ohùn tín-ín-rín yẹn á gba òkè wọlé, á sì bá ti Túndé lọ sókè. Nígbà tí wọ́n dé Staring at the Sun, gbogbo ilé ló gbè é.

Nígbà tá a fẹ́ gba kóòtù wa padà, ọkùnrin kan tó dé fìlà gọ̀bì wo ojú mi, ó ní "Ẹ kú ìnáwó o." Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì: mo ti fi ímeèlì mi sílẹ̀ lójúewé ẹgbẹ́ náà tipẹ́. Àwọn ló fi kóòdù ránṣẹ́ pé ká wá ra tiwa ṣáájú ọjọ́ tí gbogbo ayé máa rà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo olórin tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Kí ìròyìn tó dé Instagram, ẹ̀yin á ti rà.

Alùjó_Mushin

Ẹ má bínú sí mi o. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Kò fi Yorùbá kọrin, kò sí gángan nídìí ẹ̀, kò sì wá ṣeré nílé. Orúkọ nìkan la mọ̀ mọ́ ọn. Gìtá tó ń pariwo báyẹn, ta ló fẹ́ jó sí i? Bí mo bá ra dátà, Shina Peters ni màá fi gbọ́, Ace àti Shinamania.

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù, Ìbàdàn

Alùjó, ọmọ mi, ìwọ fúnra rẹ lo fẹnu pe ẹni tó máa dá ọ lóhùn. Ta ló ṣe kòkáárí Ace fún Shina Peters ní 1989? Laolu Akins ni. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí Laolu ń ṣe kó tó máa bá àwọn ẹlòmíràn ṣe àwo? Ìlù rọ́ọ̀kì ló ń lù!

BLO ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu wà nídìí ìlù, Mike Odumosu ń ta gìtá béèsì. Chapter One ni àwo wọn àkọ́kọ́, 1973 ló jáde. Gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, bí Berkley bá fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ tó ń dọ́gbọ́n sí ohùn gìtá yẹn, ìró rẹ̀ á máa hó bí epo gbígbóná. Ọmọ Èkó ni wọ́n, Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní àsìkò kan náà, Joni Haastrup ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Monomono. Àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's sì wà ní Ìkòyí tí wọ́n dá Ofege sílẹ̀, tí wọ́n ṣe Try and Love nígbà tí wọn ò tíì jáde níléèwé. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wá kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Paul McCartney náà wá sí Èkó ní 1973 láti ṣe Band on the Run, ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdú ńkọ́? Danger tí wọ́n ṣe ní 1976, gìtá inú ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọmọ yìí ń sọ. Kẹ́hìndé ti kú ní 2019, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Iléeṣẹ́ Numero Group ní Chicago ti ń tún àwo wọn tẹ̀ báyìí, òyìnbó ló sì ń rà á jù. Mo ní ti àkọ́kọ́ nílé, ara páálí rẹ̀ ti gbó, mi ò sì ní tà á fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ yéé sọ pé gìtá ò kàn wá. Ọmọ wa tó gba Brooklyn jáde ń ṣe ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe ní Èkó kí wọ́n tó bí i.

Alùjó_Mushin

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Laolu Akins yẹn ti mú mi! Ó dáa, orin wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́? Ẹ má kó wọn lé mi lórí o, dátà ti wọ́n.

AgbọGìtá, Òṣogbo

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti bá mi parí ẹjọ́.

Alùjó, bẹ̀rẹ̀ láti Ambulance, inú àwo 2004 yẹn ló wà. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀: ẹnìkan ń fi ẹnu ṣe béèsì, àwọn tó kù ń gbè. Ìwọ tó o mọ bí ègbè ṣe ń rí nínú orin wa, á yé ọ kíá. Lẹ́yìn náà, wá Wolf Like Me tí wọ́n kọ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n David Letterman ní Amẹ́ríkà ní 2006. Wò ó, má kàn gbọ́ ọ. Bó o bá fẹ́ràn ìyẹn, Province ló kàn, nínú Return to Cookie Mountain ti 2006 bákan náà. David Bowie, ògbóǹtarìgì olórin Gẹ̀ẹ́sì, ló ń bá wọn gbè níbẹ̀. Orin wọn ti mú Bowie láti ìgbà àwo kékeré wọn, Young Liars, ní 2003, nígbà tí ayé ò tíì mọ̀ wọ́n.

Èyí tó máa bá ẹsẹ̀ rẹ mu jù ni Dear Science, 2008. Lọ́dún náà, àwọn ìwé ìròyìn Rolling Stone, Spin àti Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù ló fi í ṣe àwo tó ta yọ jù lọ. Fèrè tó wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Antibalas ló fọn ọ́n. Brooklyn ni Antibalas náà wà, ọ̀nà Fẹlá ni wọ́n sì ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. O rí i pé Ìkẹjà ti débẹ̀ ṣáájú wa.

Nínú àwo tuntun, Drop ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ló kọ́kọ́ fi ń lu ìlù níbẹ̀.

AràBrooklyn

Ẹ kú ìjókòó. Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ìdí tí wọ́n fi pẹ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

Nine Types of Light jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2011. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Gerard Smith tó ń ta béèsì fún wọn kú. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, ẹni ọdún 36. Ẹ fojú inú wò ó: àwo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọjọ́ eré ti wà nílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ti tà, ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣe é sì lọ. Wọ́n ṣì dìde, wọ́n ṣe Seeds, wọ́n rìnrìn àjò eré. Nígbà tó yá, kálukú bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Túndé lọ ń ṣe fíìmù, ó ń yàwòrán. Gbogbo ẹ̀ ló sì ń ṣe láti ìgbà èwe, iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn ló ń ṣe jẹun kí orin tó gbé e.

Ní ti ìròyìn ẹgbẹ́: nígbà tí wọ́n tún àwo 2004 tẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá 2024, wọ́n fi àwọn orin tí kò sí nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, wọ́n sì padà sórí pèpéle. Àmọ́ David Sitek ò sí níbẹ̀. Túndé, Kyp Malone àti Jaleel Bunton ló dúró fún ẹgbẹ́. Lójú tèmi, TV on the Radio tí Sitek ò sí nínú ẹ̀, àbọ̀ ni. Òun ló ń to gbogbo ìró yẹn lé ara wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró dè é kí wọ́n tó ṣe àwo mìíràn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Ẹ̀gbọ́n AràBrooklyn, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá yín lọ níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ní Islington kì í ṣe àbọ̀. Àwo àti pèpéle, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni Sitek ti lágbára jù, lórí pèpéle ohùn méjì yẹn ló ń gbé ẹgbẹ́ rìn, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ń dúró de gbogbo èèyàn kó pé, Gerard ò lè padà wá, ṣé wọn ò ní kọrin mọ́ ni?

AràBrooklyn

Ọ̀rọ̀ Gerard yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbọ́. Ní ti eré, mo fara mọ́ ọn. Ní ti àwo tuntun, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Àkàndé_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará òkè òkun ń sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká sọ ti àwa tá a wà nílé.

Spotify ti wọ Nàìjíríà láti oṣù kejì 2021, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́. Ó dáa fún ìtọ́wò. Ṣùgbọ́n iye tó ń kan olórin nínú ẹ̀ kéré gan-an, pàápàá ẹni tí kò ní àìmọye olùgbọ́. Bó o bá fẹ́ kí owó rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́, ra àwo ọ̀hún lórí Bandcamp, ojúewé tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí èyí tó o bá dáńlóòdù, ìdá 10 lórí àwo ńlá (fáínìlì) àti aṣọ, lẹ́yìn owó ìsanwó. Àwọn ọjọ́ Ẹtì kan tún wà tí Bandcamp kì í yọ tirẹ̀ rárá. Ìgbà Kòrónà ní 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí àwọn olórin tí eré wọn ti dúró lè rí nǹkan jẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń dúró dè.

Èyí tó ń bí mi nínú ni káàdì. Ìgbà kan wà tí báǹkì mi ò jẹ́ kí káàdì náírà ra ohunkóhun lókè òkun, wọn ò sì ṣàlàyé kankan fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ló ń bá mi rà á, tí mo ń san náírà fún ìyàwó ẹ̀ nílé. Àwo ńlá ni kẹ́ ẹ má gbìyànjú láti fi ránṣẹ́ wálé ní tààrà o, owó ìfiránṣẹ́ á ju owó àwo lọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ọdún Kérésì ni kẹ́ ẹ bẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó gbé e sáàárín aṣọ, kó má fi bàtà lé e lórí. Àwo tó bá ti wọ́, kò ṣeé gbọ́ mọ́.

Ẹ̀rọAmóhùngbilẹ̀, Sùúrùlérè

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ ni mo ń ṣe fún àwọn òde ní Èkó, nítorí náà ẹ jẹ́ n dá ìbéèrè tó wà lọ́kàn gbogbo yín lóhùn: ìgbà wo ni irú wọn máa wá?

Ìrìn àjò eré ẹgbẹ́ bíi tiwọn, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á ṣeré lálẹ́ òní, wọ́n á fi òru rin ọ̀nà, wọ́n á ṣeré ní ìlú kejì lọ́la. Owó eré kan ló ń gbé wọn dé èkejì. Bí wọ́n bá wá sí Èkó, ọkọ̀ òfuurufú ni lálọ lábọ̀ fún gbogbo wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn, pẹ̀lú ẹrù wọn. Ìlú wo ni wọ́n máa kàn lẹ́yìn Èkó tí owó á tún ti wọlé? Kò sí ìlú míì nítòsí tó ti ṣètò sílẹ̀ fún wọn. Ní tiwa níbí, onílé eré á san owó epo dísẹ́ẹ̀lì, á san owó ẹ̀rọ, á san owó ẹ̀ṣọ́, kó tó dórí dọ́là tí wọ́n fẹ́ san fún olórin. Iye tíkẹ́ẹ̀tì tó máa kó gbogbo ẹ̀ wálé, àwa tá a fẹ́ràn orin yìí ò lè san án, àwa náà ò sì tíì pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ẹni kan pẹ̀lú gìtá kan àti kọ̀ǹpútà kan kò gba owó ẹgbẹ́ odidi. Túndé ti ní àwo tirẹ̀ báyìí, èyí rọrùn láti gbé wá. Freedom Park wà ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọgbà eré. Pèpéle ibẹ̀ tó o. Felabration sì ń wáyé lọ́dọọdún ní oṣù kẹwàá ní New Afrika Shrine ní Ìkẹjà, àwọn àlejò láti òkè òkun sì máa ń wà níbẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ bá pe Túndé Adébímpé, tí wọ́n fi fèrè àti àwọn onílù ibẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀, màá ṣe ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ́ gbangba níbí, ẹ dì í mú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ṣé àwọn mìíràn wà tó jọ èyí tí mo lè máa tẹ̀lé? Mo ti gbọ́ Bloc Party, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ̀ pé ọmọ Ígbò ni òbí Kele Okereke tó ń kọrin níbẹ̀, mo sì rí i pé wọ́n ṣe ogún ọdún Silent Alarm ní 2025.

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù, Ìbàdàn

Wá Ibeyi. Kì í ṣe rọ́ọ̀kì gan-an, àmọ́ wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìbejì obìnrin ni wọ́n, Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz. Bàbá wọn, Anga Díaz, ọmọ Kúbà tó ń lu ìlù fún Buena Vista Social Club. 2015 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n ń ké sí Ẹlẹ́gbára àti Ọ̀ṣun nínú ẹ̀ ní Yorùbá tí àwọn baba wa gbé dé Kúbà. Ìwọ tó o wà ní Ifẹ̀, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o mọ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Kí n tó gbàgbé, fún àwọn tó wà ní Bìrìtìkó: ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ fòfin de títa tíkẹ́ẹ̀tì ju iye tí wọ́n kọ sí i lọ. Ó ti pẹ́ tá a ti ń retí ẹ̀. Àwọn kan á fi kọ̀ǹpútà ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó di pé èèyàn ṣí ojúewé, wọ́n á wá tà á fún wa ní ìlọ́po mẹ́ta. Kí òfin tó délẹ̀, ẹ má ra èyí tó wọ́n lọ́wọ́ àjèjì. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá tán, ẹ máa yẹ ojúewé gbọ̀ngàn náà wò ní ọ̀sẹ̀ eré gan-an. Wọ́n máa ń tú díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti to ẹ̀rọ sórí pèpéle tí wọ́n sì rí i pé àyè ṣì kù.

Alùjó_Mushin

Mo ti gbọ́ Ambulance, mo ti gbọ́ Drop. Ẹ̀gbọ́n AgbọGìtá, ẹnu tó fi ń lu ìlù yẹn! Mo fi han ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, òun náà ní kí n tún un fi. Mo wo Letterman yẹn pẹ̀lú, ara mi ò gbà á kí n jókòó. Mi ò ní purọ́, ILY ni mo ṣì ń padà sí. Mo sin ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá.

Báwo ni mo ṣe máa ra àwo náà?

AgbọGìtá, Òṣogbo

Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, Alùjó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Lọ sí Bandcamp, tẹ orúkọ Túndé Adébímpé síbẹ̀ láìfi àmì sí i, àwo náà á yọ sí ọ. Bí káàdì rẹ bá kọ̀, fi náírà ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ rà á. Èyí tó o máa dáńlóòdù ni kó o mú, FLAC ni kó o yàn bí fóònù rẹ bá láyè, ìró ẹ̀ kún ju MP3 lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọAmóhùngbilẹ̀, mo ti di ọ̀rọ̀ yín mú o. Ta ló mọ ẹni tá a lè kọ̀wé sí ní Felabration?